Ṣé O Mọ̀? Kí Ilé Fáktírì Tó Gúnlẹ̀ sí Etíkan

Ṣé o mọ̀ pé ilé fáktírì, ilé tí wọ́n kàn ní òkèèrè, tí wọ́n tú, tí wọ́n fi ọkọ̀ òkun kó wá, ti dé etíkun wa kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Nàìjíríà? Ní 1843, Ọba Eyamba ti Calabar ní kí William Laycock ní Liverpool rọ ààfin onírin fún òun. Irin náà gba orí òkun dé Calabar, ó sì di ilé ọba.

Èkó náà ní tirẹ̀. Ilé tí kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì ń gbé níbẹ̀ láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, irin tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Nígbà tí Richard Burton dé Èkó ní 1861, pósí ló fi ilé náà wé, nítorí bí àwọn kọ́ńsù ṣe ń kú síbẹ̀. Ẹni tó ya àwòrán ilé yẹn kò bi oòrùn Èkó léèrè ohunkóhun.

Ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ pé òmíràn tó gba ojú omi kan náà wá ní 1884 ṣì wà lórí ìdúró? Ilé àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ní Calabar ni, onípákó, tí wọ́n ti kàn kí wọ́n tó gbé e sọdá. Mùsíọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ ló wà nínú rẹ̀ lónìí. Kò sí ohun tó ń jẹ́ pé ilé fáktírì dára tàbí kò dára. Ohun tí ẹni tó ń rà á mọ̀ nípa ibi tó ń gbé e lọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ìdí sì nìyí tí mo fi fẹ́ kí ọmọ Etíkan tó bá ń rò ó ka àwọn nǹkan wọ̀nyí kí ó tó san kọ́bọ̀.

Ṣé o mọ̀ ibi tí Etíkan wà? Ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Ìlàjẹ ni, níbi tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti ń bá Ìpínlẹ̀ Ògùn pààlà. Ìlú ọba ni, bí Ugbò, Màhín àti Ahẹ́rì.

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ etíkun wa pín sí méjì? Láti Àgbádárìgì wá sí ìlà oòrùn, yanrìn ni òkun ń lù. Tó bá di ìhà ọ̀dọ̀ wa, yanrìn á bẹ̀rẹ̀ sí í tán, ẹrẹ̀ á gbà á, títí dé ẹnu odò Benin. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pe apá ẹlẹ́rẹ̀ yìí ní etíkun Màhín. Ibi tí yanrìn ti ń fún ẹrẹ̀ láyè kò jìnnà sí Etíkan, nítorí náà ilẹ̀ aládùúgbò rẹ kò lè ṣe ẹ̀rí fún ilẹ̀ tìrẹ. Ó lè jẹ́ yanrìn ló wà lábẹ́ tirẹ̀, kí ó jẹ́ pé ẹrẹ̀ dúdú ló kún abẹ́ tìẹ.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn ọlọ́kọ̀ fi ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n á mú ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń ti ọkọ̀, wọ́n á gún un sílẹ̀ ní òòró. Bí ó bá jẹ́ yanrìn, ọ̀pá á ró kìkì, á kọ̀, ọwọ́ á sì ta èèyàn. Bí ó bá jẹ́ ẹrẹ̀, á wọlé jẹ́jẹ́, á tún máa wọlé, nígbà tí wọ́n bá sì fẹ́ fà á yọ, ẹrẹ̀ á dì í mú bí ẹni pé ẹnì kan wà nísàlẹ̀. Dídì yẹn gan-an ló ń gbé ilé dúró ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Òpó tí a rì sínú ẹrẹ̀ kì í sábà kan orí àpáta kankan. Bí ẹrẹ̀ ṣe fún un ní ẹ̀gbẹ́ láti òkè délẹ̀ ni kì í jẹ́ kó rì mọ́. Bí òpó bá ṣe jìn sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù tó lè gbé ṣe pọ̀ sí. Ọ̀pá ọlọ́kọ̀ á sọ fún ọ bóyá ẹrẹ̀ ni. Bí òpó ṣe máa gùn tó àti iye tó o nílò, ẹnjiníà tó bá gbẹ́ ilẹ̀ wò ló lè sọ ìyẹn, owó rẹ̀ ni mo sì máa ń gba èèyàn níyànjú láti kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé fáktírì kì í kọ́ ìpìlẹ̀? Ilé ni wọ́n ń tà. Òpó, àtẹ̀gùn, afárá tó wọ ilé, tánkì omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wáyà iná, tìrẹ ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá kó gbogbo owó rẹ̀ lé ilé lórí á gbà á tán, kò ní ríbi gbé e sí.

Ṣé o mọ̀ pé kòkòrò kan wà nínú omi oníyọ̀ tó ń jẹ igi láti inú, tí ara òpó á sì máa dán lóde bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é? Ó jọ ekòló, ṣùgbọ́n ẹbí ìṣáwùrú ni. Ní 1731, òun ló ba igi tó di odi omi ilẹ̀ Netherlands mú jẹ́, tó fi di pé òkúta ni wọ́n ń tò síbẹ̀. Igi ekki, tó ń hù nínú igbó ẹkùn òjò tiwa, wà lára àwọn tó le jù fún un. Ó wúwo débi pé ó ń rì sínú omi, àwọn ará Netherlands kan náà sì ń rà á lọ́dọ̀ àwa ará ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà fún ẹnu ìlẹ̀kùn odò àti èbúté wọn. Bí ilé rẹ bá tilẹ̀ ti China wá, òpó rẹ lè jẹ́ igi ilé.

Ṣé o ti gbọ́ nípa Henry Manning? Káfíńtà ni ní London. Ọmọ rẹ̀ ń lọ sí Ọsirélíà, ó sì kan ilé alátòpọ̀ fún un. Nígbà tó fi máa di 1837, ó ti ń polówó rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ohun tó fi ń ṣe fáàrí jù ni pé kò sí ẹyọ kan nínú ilé náà tí ọmọdékùnrin kò lè gbé rìn. Jean Prouvé ti ilẹ̀ Faransé ronú bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń ṣe ilé alumíníọ̀mù fún ilẹ̀ Áfíríkà: kí ẹyọ kankan má gùn ju nǹkan bí mítà mẹ́rin lọ, kí ó má sì wúwo ju nǹkan bí 100 kílò lọ. Ọkọ̀ òfuurufú ló fi í wọ̀n. Ilé rẹ̀ kan dé Niamey ní 1949, méjì dé Brazzaville ní 1951.

Kí ni ìyẹn kan Etíkan? Ó kàn án gan-an ni. Kọ̀ńténà ẹsẹ̀ ogún lófìfo wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. Elẹ́sẹ̀ ogójì sún mọ́ mẹ́rin. Ọkọ̀ onípákó kì í gbé e. Wàá wá báàjì, báàjì á wá kíréènì, kíréènì á wá ilẹ̀ líle tó máa dúró lé, ilẹ̀ líle sì ni ohun tí kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri tó jẹ́ pátákó pátákó, òpó irin tó jẹ́ ẹyọ ẹyọ, èèyàn méjì á fi èjìká gbé e láti èbúté Ìgbókọ̀dá sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Lójú tèmi, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kó jáde lẹ́nu rẹ ní fáktírì ni pé: ẹyọ wo ló gùn jù, èwo ló sì wúwo jù? Bí ẹni tó ń tajà kò bá lè dáhùn, kò tíì ronú nípa omi.

Gba inú odò tí ẹrù rẹ máa gbà kọjá fúnra rẹ kí o tó dá ẹni tó ń tajà lóhùn. Wo ibi tí ó ti há jù, ibi tí ọkọ̀ ti gbọ́dọ̀ yí, afárá tí ó rẹlẹ̀ jù, kí o sì wò ó nígbà tí omi bá fà. Ewéko ojú omi tó wọ Nàìjíríà láti ìhà Àgbádárìgì ní 1984 ń bò odò wa mọ́lẹ̀ láwọn àkókò kan, tí ẹ́ńjìnnì á sì kọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé èbúté òkun jíjìn Lekki ṣí ní January 2023? Bí ẹrù rẹ bá ń ti òkè òkun bọ̀, ó sún mọ́ ọ ju Apápá lọ. Títì etíkun Èkó sí Calabar, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2024, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 700 kìlómítà, ti ń bọ̀ wá sí ìhà wa. Má fi ọ̀nà tí wọn kò tíì ṣe tán ṣètò.

Ṣé o mọ̀ ohun tí iyọ̀ ń ṣe? Atẹ́gùn òkun ń gbé e wá, a kì í rí i. Ó ń lẹ̀ mọ́ irin, ó ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, irin kì í gbẹ tán, ìpẹtà kò sì ní sinmi. Wo ìdí ìṣó lára páànù ilé èyíkéyìí tó kọjú sí òkun: ara páànù lè máa tàn, kí etí ìṣó ti pọ́n, kí omi ìpẹtà ti fa ìlà wálẹ̀ lára ògiri. Ibẹ̀ ni ilé ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, níbi bóòtù àti ìṣó. Irin tí wọ́n rì bọ inú zinc yíyọ́, tí gbígbóná rẹ̀ tó ìwọ̀n 450 ti Celsius, ni kí o béèrè fún, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn fi ọ̀dà fín. Kí wọ́n gé e, kí wọ́n dá a lu, kí wọ́n tó rì í, nítorí ojú ihò tí wọ́n bá lu lẹ́yìn ìyẹn ti di ilẹ̀kùn fún iyọ̀. Má sì jẹ́ kí bóòtù irin lásán fara kan páànù alumíníọ̀mù láìsí rọ́bà láàárín wọn. Nínú ọ̀rinrin oníyọ̀, irin méjì tí kì í ṣe irú kan náà máa ń jẹ ara wọn.

Ṣé o mọ̀ pé ògiri búlọ́ọ̀kù oníyanrìn lè wúwo tó nǹkan bí 300 kílò fún mítà kan ní òòró àti ìbú? Pátákó fáktírì onípáànù méjì pẹ̀lú fóòmù láàárín kò sábà ju kílò mẹ́wàá sí méjìlá lọ. Fún ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀, ìbùkún ńlá nìyẹn, òpó díẹ̀ á tó. Ṣùgbọ́n ohun tó fúyẹ́ ni ìjì ń gbé. Lẹ́yìn tí ìjì líle Andrew kọlu Florida ní 1992, ìjọba Amẹ́ríkà mú òfin dídi ilé fáktírì mọ́lẹ̀ le sí i ní 1994. Ìjì tiwa kò tó tiwọn, àmọ́ kò sí igbó tàbí òkè tó ń dí atẹ́gùn òkun lọ́wọ́ kó tó dé ojúlé rẹ. Òrùlé gbọ́dọ̀ di ògiri mú, ògiri di ilẹ̀ ilé mú, ilẹ̀ ilé di òpó mú, òpó di ẹrẹ̀ mú. Bí ọ̀kan bá já nínú wọn, ìyókù kò wúlò.

Kí ló wà láàárín páànù méjì yẹn? Béèrè, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n ń jó, èéfín rẹ̀ sì ń pani. Àwọn tiwa tó wà ní London kò ní gbàgbé Grenfell, ilé gogoro níbi tí èèyàn 72 ti kú nínú iná ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà 2017: páànù alumíníọ̀mù tó ní ike láàárín ló gbé iná yẹn gun ara ilé. Irú tó ní òwú òkúta láàárín kì í jó. Àwọn ìyá wa ń yan ẹja ní Etíkan, iná sì gbọ́dọ̀ jó fún wákàtí púpọ̀. Ilé ẹja yíyan gbọ́dọ̀ dá dúró lórí òpó tirẹ̀, kí ó jìnnà, kí atẹ́gùn má sì gbé ẹ̀ṣẹ́ná láti ibẹ̀ wá sára ilé. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, bi ìyá tó ń yan ẹja léèrè. Ó mọ̀ ju ẹni tó ya àwòrán lọ.

Ṣé o mọ̀ bí omi tó ń bọ́ sórí òrùlé rẹ ṣe pọ̀ tó? Òjò etíkun wa ń kọjá mílímítà 2,000 lọ́dún. Òrùlé tó gùn ní mítà mẹ́wàá, tó fẹ̀ ní mítà mẹ́fà, á gba nǹkan bí lítà 120,000 lọ́dún. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré níbi tí kànga ti ń mú omi oníyọ̀ jáde. Nítorí náà, kí fáktírì bá ọ ṣe ọ̀ṣọ̀rọ̀ àti páìpù rẹ̀ mọ́ ilé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ló le. Bí èèyàn mẹ́fà bá ń lo lítà ogún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, oṣù mẹ́ta ẹ̀ẹ̀rùn á gba lítà 10,800. Lítà omi kan, kílò kan. Ó lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́wàá! Tánkì omi rẹ lè wúwo ju ilé rẹ lọ. Òpó tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni kó máa gbé e, kó máà fa ilé sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ńkọ́? Sọ́kàwéè tí wọ́n ń gbẹ́ ní Àkúrẹ́ kò lè ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí omi kún. Tánkì tí kì í jò, tí wọ́n fi okùn irin dè mọ́lẹ̀, ni. Bí o kò bá dè é, omi á gbé e fò sókè lọ́jọ́ tó bá ṣófo.

Òfin ńkọ́? Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà. Ní ìgbèríko, ìjọba ìbílẹ̀ lè fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀. Gba ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí tó ni ín, jẹ́ kí ọba àti àwọn olóyè mọ̀, kí sọ̀fíyọ̀ wọ̀n ọ́n, kí o tó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Ìgbókọ̀dá. Bí òpó rẹ bá máa wọnú odò, àjọ NIWA tí òfin 1997 dá sílẹ̀ fún ọ̀nà omi ní ọ̀rọ̀ sọ. Ìwé ìlànà ilé kíkọ́ ti Nàìjíríà wà láti 2006, ilé àtòpọ̀ kò sì gba àyè kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Títò rẹ̀ ńkọ́? Sears, ilé ìtajà ní Amẹ́ríkà, ta ilé nínú ìwé ọjà láti 1908 sí 1940, ó ju 70,000 lọ. Ilé kan lè ní 30,000 ẹyọ, nọ́ńbà wà lára igi, wọ́n sì fi ìwé àlàyé tì í.

Ṣé o mọ̀ pé ibi tí ẹyọ méjì ti pàdé ni ilé ti ń kú? Ní May 1968, gáàsì bú ní yàrá ìdáná kan ní Ronan Point, ilé alátòpọ̀ oníkọnkéré tó ga ní àjà 22 ní ìlà oòrùn London. Igun ilé náà wó láti òkè délẹ̀, èèyàn mẹ́rin kú. Nígbà tí wọ́n wá ń tú u palẹ̀ ní 1986, ìwé ìròyìn ni wọ́n bá nínú àwọn oríkèé tó yẹ kí sìmẹ́ńtì wà. Fáktírì lè ṣe tirẹ̀ pé, kí àwọn tó ń tò ó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mú káfíńtà méjì láti Etíkan lọ sí fáktírì nígbà tí wọ́n bá ń tò ó wò. Àwọn ọmọ tó ń kan ọkọ̀ tí kì í jò mọ ohun tí oríkèé jẹ́, wọ́n á sì wà nílé lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́.

Ghana náà ti gbìyànjú ilé kọnkéré alátòpọ̀ ti Schokbeton láti Netherlands ní àwọn ọdún 1950. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán àwọn onímọ̀ ilé mẹ́ta, Charles Abrams, Vladimir Bodiansky àti Otto Koenigsberger lọ wò ó. Wọ́n rí i pé ó ti wọ́n jù fún aráàlú, wọ́n dábàá pé kí ìjọba yá àwọn èèyàn lówó òrùlé, kí wọ́n fúnra wọn mọ ògiri. Ìmọ̀ràn yẹn ṣì bójú mu. Bí owó rẹ kò bá tó ilé odindi, ra òrùlé àti egungun irin ní fáktírì, kí o fi pákó ilé ṣe ògiri.

Bí ẹnì kan bá ní kí o jẹ́ kí ilé kúkú léfòó lójú omi ńkọ́? Kúnlé Adéyẹmí, ayàwòrán ilé, ṣe bẹ́ẹ̀ ní Mákòókó ní Èkó, níbi tí àwọn Ẹ̀gùn àti àwọn Ìlàjẹ tiwa ń gbé. Ilé ẹ̀kọ́ onípákó lórí àgbá ike, àjà mẹ́ta, wọ́n parí rẹ̀ ní 2013, gbogbo ayé sì yìn ín. Òjò ńlá wó o ní ọjọ́ keje oṣù kẹfà 2016. Kí ó tó wó, wọ́n ti ṣe òmíràn tó jẹ́ alátòpọ̀ pátápátá, ó sì gba ẹ̀bùn ní Venice lọ́dún kan náà. Èrò rẹ̀ dára. Fún omi tí ìgbì òkun ń wọ̀, òpó ni mo ṣì máa fara mọ́.

Ìyàtọ̀ láàárín kíkún omi àti fífà rẹ̀ ní etíkun wa kò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà kan lọ. Ìgbì àti òkun tó ń ru ni ọ̀rọ̀. Bi àwọn àgbà léèrè ibi tí omi gbé dé rí, fi ọ̀bẹ gé àmì sára igi kan níbẹ̀, kí ilẹ̀ ilé rẹ ga jù ú lọ dáadáa.

Èyí tó kù yìí ló ká mi lára jù. Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ wa, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, ti pàdánù ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ sínú òkun. Ẹni tó bá fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé kò ní rí ògiri kó. Nígbà tí òkun bá dé ẹnu ọ̀nà, búlọ́ọ̀kù kì í ṣí. Ilé oníbóòtù ń ṣí. Wọ́n tú àwọn ilé Prouvé ní Brazzaville, wọ́n kó wọn lọ sí Paris, ọ̀kan nínú wọn sì gba owó tó sún mọ́ mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là ní New York ní 2007, lẹ́yìn ọdún 56. Irú ilé bẹ́ẹ̀ sì lè pẹ́: àwọn ilé alátòpọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó lé ní 156,000, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n pète fún wọn, síbẹ̀ èèyàn ṣì ń gbé inú àwọn kan ní Catford, ní gúúsù London, nígbà tí wọ́n ti pé ọgọ́ta ọdún.

Torí náà, ohun tí ọmọ Etíkan ń rà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé tó yá tò nìkan. Kí ó jẹ́ ilé tó ṣeé tú. Kí wọ́n má jó irin pọ̀ níbikíbi tí bóòtù bá lè dé. Kí ọwọ́ lè dé orí bóòtù kọ̀ọ̀kan láìfọ́ ohunkóhun. Kí nọ́ńbà ara ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ sínú irin, nítorí ọ̀dà á ti parẹ́ kí ọjọ́ tí wàá nílò rẹ̀ tó dé. Ra bóòtù àti rọ́bà àfikún, kí o sì fi ìwé àwòrán kan sílé, òmíràn sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tó wà ní ìlú òkè. San owó ní ìdá ìdá, kí èyí tó kẹ́yìn wà lọ́wọ́ rẹ títí wọ́n á fi tò ó tán lórí òpó. Ọjọ́ yẹn, kí o tó san án, ní kí wọ́n tú ògiri kan lójú rẹ àti lójú káfíńtà méjèèjì, kí àwọn ọmọ Etíkan sì fi ọwọ́ ara wọn dá a padà.